Ìró Tó Ń Ha Lápá Ọ̀tún

Káfíńtà ni ọkọ mi. Kì í ṣe irú èyí tó ń gun òrùlé o. Àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ṣe. Jọ̀lọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ohun tó fà á ni pé kò sí pátákó tó lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má fi àtàǹpàkò ra á wò. Bí ó bá kan ibi tó ń ha ọwọ́, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, yóò gbé ìfági, yóò fá a. Lẹ́yìn náà ni yóò mú sáńpépà, yóò máa pa á títí ibẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Ó máa ń sọ pé igi kò lẹ́bi, ẹni tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló lẹ́bi. Nínú ilé wa, ẹ ò lè rí etí tábìlì kan tó lè fa aṣọ ya. Mo ti ń bá a gbé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ó sì yẹ kí n ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbé ìfági náà kan èmi pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ èyí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń kí i, bí obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí ọkọ. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń sọ̀tàn rẹ̀ yìí, "ó" ni mo máa lò. Ẹni tí èyí kò bá dùn mọ́ nínú, kó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin ná.

Kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni, orin ni mo ń kọ. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ládùúgbò wa, ọkùnrin kan ló ń lé orin, àwa obìnrin mẹ́ta sì ni elégbè. Àkọ́kọ́ nínú wa ni à ń pè ní Gooro, nítorí pé ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú ẹ̀. Ẹnì kejì ń kọ àárín. Èmi ni mo ń kọ ìsàlẹ̀. Ohùn mi há. Kì í ṣe òtútù ló mú mi, kì í sì í ṣe pé mo pariwo jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Ìyá mi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gbé iyanrìn mì nínú ikùn òun. Nígbà kan ojú tì mí, mo ní mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, olórí wa sì kọ̀ jálẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ, o ò lọ síbì kankan. Àwọn méjì yìí, òkè ni wọ́n ń fò sí. Ohùn tìẹ ni ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Orin tí kò bá ní iyanrìn díẹ̀ nínú, ṣe ló máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọkùnrin tó tún sọ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ sí mi, ọkọ tí mo fẹ́ náà kò sọ ọ́.

Àwo orin kan ṣoṣo la ṣe kí ẹgbẹ́ náà tó tú ká. Lọ́jọ́ tí a lọ gbà á sílẹ̀, wọ́n to Gooro àti ẹnì kejì sí ìdí makirofóònù apá òsì, wọ́n sì mú èmi nìkan lọ sápá ọ̀tún, wọ́n ní bí mo bá sún mọ́ wọn jù, màá bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ya àwòrán wa sẹ́yìn páálí àwo náà. Gooro ti kú báyìí. Ẹnì kejì rìnrìn àjò, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Olórí wa náà ti sùn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé tí kì í ṣe nǹkan fífọ̀, nǹkan sísè tàbí ọmọ bíbí, àwo yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tí mo lè nàka sí kí n sọ pé: èmi rèé, mo wà níbí yìí rí.

Ìdí iṣẹ́ ni èmi àti Jọ̀lọ̀ ti pàdé. Ẹgbẹ́ ti tú nígbà náà, mo sì ń bá ẹnì kan tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin. Wọ́n pè é pé kó wá kan pẹpẹ tuntun. Ó rí àwòrán mi lẹ́yìn páálí, ó wò mí, ó tún wo àwòrán, ó ní, "Ìwọ kọ́ nìyí?" Mo ní èmi ni. Ó ra àwo náà lọ́jọ́ yẹn, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti wá wo pẹpẹ tí kò ní àbùkù kankan. Kò gbọ́ orin lẹ́nu mi rí lórí ìtàgé. Nígbà tó fi mọ̀ mí, ìtàgé ti parí.

Lẹ́yìn tí a ṣègbéyàwó, kò sí àlejò tó wọlé wa tí ọkọ mi kò ní gbé àwo yẹn sí kó gbọ́. "Ìyàwó mi wà nínú àwo yìí o," bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí, orí rẹ̀ yóò sì wú. Orí tèmi náà máa ń wú, n ò ní purọ́. Giramafóònù tí a ní nígbà yẹn kò dára tó. Ohùn àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń papọ̀ jáde ni, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ nínú àpò kan náà. Nítorí náà kò nàka sí ohùn kan rí pé òun nìyí, èmi náà kò sì béèrè. Obìnrin wo ni yóò máa bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó mọ ohùn òun? Mo rò pé ó mọ̀. Ọdọọdún ni mo ń rò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tó sì fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni wàhálà wọlé. Ọkùnrin tó ti ń fá nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́ láti kékeré, ẹ ní kó jókòó sílé kó máa wo ògiri. Ó kọ́kọ́ tún gbogbo ilẹ̀kùn ṣe. Ó tún gbogbo àga ṣe. Nígbà tí kò sí ohun tó ń ha ọwọ́ mọ́ nínú ilé, ó yíjú sí giramafóònù.

Bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ pààrọ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí àwo. Ti tẹ́lẹ̀ ti rọ̀, orin a máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tó fi tuntun sí i, orin náà dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi gan-an pa ìṣasùn tì, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń mi orí. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ká ní ibẹ̀ yẹn ló dúró sí ni, ǹ bá máa ṣàdúrà fún un di òní.

Kò dúró. Ó ní tábìlì tí ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá kan òmíràn, ó lẹ pátákó mọ́ pátákó títí ó fi ki bí ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́, ó da iyanrìn gbígbẹ sínú ìdí rẹ̀, ó gé rọ́bà táyà sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí káfíńtà fi ń mọ ohun tó tẹ́jú lé e, ó ń wo omi inú rẹ̀ bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ń ṣàárẹ̀, ó ń ti ìwé pélébé sábẹ́ ẹsẹ̀ kan títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba. Èèyàn mẹ́rin ló gbé tábìlì náà wọlé. Láti ọjọ́ náà, ilé di ilé ìwé tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Bí àwo bá ń yí, ẹnikẹ́ni kì í rìn. A kì í ti ilẹ̀kùn. A kì í ro ìkòkò. Nígbà tí àwọn ọmọ ọmọbìnrin wa bá wá kí wa, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò wá mọ́ púpọ̀, èmi ni wọ́n sì ń bi léèrè lórí fóònù bóyá Bàbá Àgbà ti parí ìdánwò.

Èmi náà ní àṣà kan. Mo máa ń kọrin bí mo bá ń gbálẹ̀. Kì í ṣe orin tó ní láárí, ègbè ìsàlẹ̀ tí mo ti mọ̀ látijọ́ ni mo máa ń fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ kọ. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò wá láti pálọ̀: "Ìyàwó, rọra. Mò ń gbọ́ nǹkan." Ó bá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò jágbe mọ́ mi rí. Nígbà tó yá, n kò bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá kan apá ẹ̀rọ, igi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé abẹ́rẹ́ lọ lórí àwo. Ìwọ̀n kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yí síwá sẹ́yìn, kí abẹ́rẹ́ má baà wúwo jù tàbí kó fúyẹ́ jù. Ó ra òṣùwọ̀n kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń wọn ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń gbà tẹ àwo bí ẹni tó ń wọn wúrà. Ó sì wá ra abẹ́rẹ́ tuntun. Mo ṣì rántí ọ̀sán tó fi í sí i. Mo wà nílé ìdáná, mo ń fọ abọ́, orin bẹ̀rẹ̀, mo sì dá ọwọ́ dúró nínú omi. Àpò ti tú. Gìtá wà níbi kan, ìlù wà níbi kan, àwa elégbè sì jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkàn mi fò. Mo ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ọkọ mi ti fẹ́ gbọ́ mi.

Àfi bó ṣe jáde wá bá mi nílé ìdáná níbi tí mo ti ń nu ọwọ́, tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Nǹkan kan ń ha."

Mo ní, "Nínú kí ni?"

Ó ní, "Nínú orin yìí. Lápá ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ tó dáa yìí ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Àléébù kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́."

Mo rò pé eruku ni. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ àwo, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀ lé ojú ìlà rẹ̀ yíká, ó nù ún gbẹ bí ara ọmọ tuntun. Ó tún gbọ́ ọ. Ó ṣì ń ha. Ó ní kí n má gbá pálọ̀ mọ́, aṣọ tútù ni kí n máa fi nu ún. Mo ń nu ún. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí àwo ń jókòó lé, ó fi awọ sí i. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó gbé ìdí apá ẹ̀rọ sókè ní ìwọ̀n irun orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè. Lọ́jọ́ kan yóò ní ó ti dín kù, lọ́jọ́ kejì yóò ní ó ti padà. Bí ó bá ń jẹun, yóò dá ṣíbí dúró, yóò ní, "Mo mọ ibi tí màá ti mú un." Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ń wò ó, àánú rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe mí. Èmi tí mo ń ṣàánú rẹ̀ yìí, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ó ní kí n wá jókòó sórí àga òun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ rí. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìdí ẹsẹ̀ àga náà kí ó má baà yẹ̀ kúrò láàárín àwọn sìpíkà méjèèjì. Mo jókòó. Ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ègbè wọlé, Gooro kọ́kọ́ jáde lápá òsì, obìnrin tí a sin, ó mọ́ kedere bí ìgbà tí a jọ ń pín omi mu nídìí makirofóònù. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà, lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀, mo gbọ́ ara mi. Mo gbọ́ bí mo ṣe mí kí n tó kọ́kọ́ la ẹnu. Mo gbọ́ iyanrìn tí ìyá mi wí. Ó dára. Mo ń sọ ọ́ fún yín láìtijú: ó dára, ó ń di àwọn yòókù mú, kò jẹ́ kí wọ́n fò lọ. N kò tíì gbọ́ ara mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọkọ mi tẹ̀ síwájú, ó nàka sí apá òsì, sí Gooro. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ìwọ rèé. Ṣé o gbọ́ bí ohùn ẹ ṣe rí nígbà yẹn? Jọ̀lọ̀."

Mo di apá àga náà mú gírígírí. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ìka rẹ̀ wá rìn lọ sápá ọ̀tún. "Gbọ́, gbọ́, òun nìyẹn. Tó ń ha yẹn. Tó ń ba ohùn ẹ jẹ́. Ṣé o gbọ́ ọ báyìí?"

Mo ní, "Bàbá, ohùn èèyàn nìyẹn."

"Abẹ́rẹ́ ni."

"Ohùn tèmi ni, Bàbá. Gooro ló wà lápá òsì. Èmi ni mo wà lọ́tùn-ún yẹn, èmi nìkan. Èmi ni mo ń kọ ìsàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ní ìkà nínú, èyí gan-an ló wá burú. Ó yí wá síwájú mi, ó tẹ orúnkún tó ń dùn ún mọ́lẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́ jù, o ti gbàgbé ni. Lẹ́yìn tí o bímọ ni ohùn ẹ há, ṣé ojú mi kọ́ ni? Ohùn tí o ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn lápá òsì. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ohùn ìyàwó mi?"

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn máa sọ fún ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń fi ìfẹ́ sọ fún un pé òun kọ́ ni òun? Ohùn tó nífẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí, ohùn obìnrin mìíràn ni. Tèmi ni àléébù. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pátákó tí kò tíì rí sáńpépà.

Mo pe ọmọ wa obìnrin lórí fóònù. Mo rò ó fún un. Ó gbọ́ mi títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá gbádùn ara wọn jàre. Òsì o, ọ̀tún o, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ yọ mí kúrò ńbẹ̀."

Ó ní, "Ta ló lè yọ yín kúrò nínú àwo? Ẹ̀yin náà!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò dákẹ́ o. Ẹ jẹ́rìí mi. Mo sọ ọ́ lójú ọkọ, mo sọ ọ́ sétí ọmọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ mi mú ẹni tó ń tún rédíò ṣe wálé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ọkọ mi ní kó jókòó sórí àga tí òun fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ó tẹ́tí. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Ó tún tẹ́tí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Létí tèmi, ó dà bí ohùn èèyàn."

Ọkọ mi ní, "Ohùn èèyàn kì í ha báyìí. Ìwọ sáà bá mi mú un kúrò."

Mo fi tíréè gbé omi wọlé. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mu omi."

Ọkùnrin náà gbójú sókè lójijì. Ó wo ẹnu mi. Ó wo sìpíkà apá ọ̀tún. Ó tún wo ẹnu mi. Mo rí i pé ó ti yé e, òun nìkan nínú gbogbo ayé. Ó ní, "Màmá, àbí ẹ̀yin lẹ..."

Ọkọ mi já a gbà. Ó fi ọwọ́ sí àyà, ó ní, "Òun ni! Òun ló wà lápá òsì. Ìyàwó mi ni."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi, ó ń dúró. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ọkọ mi yóò di ẹlẹ́yà lójú àlejò nínú ilé ara rẹ̀, nítorí ohun tó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ṣe. Mo ti sọ ọ́ fún un nígbà tó jẹ́ àwa méjì. Mo gbé omi náà kalẹ̀, mo ní kí wọ́n máa rọra. Atúnrédíòṣe náà sọ orí kọ́, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ki irin tí wọ́n fi ń jó wáyà bọ iná. Ta ni yóò lọ wà láàárín tọkọtaya nítorí wáyà? Ilé ìdáná ni mo wà tí mo ti gbọ́ òórùn òjé tó ń yọ́.

Nǹkan kékeré kan, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ló fi òjé jó mọ́ wáyà apá ọ̀tún, pé yóò máa jẹ ohun tó bá ń ha. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ nípọn kan, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú sìpíkà kékeré tó wà lókè ńlá lápá yẹn kan náà. Ó sọ ìdí apá ẹ̀rọ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó gbé àwo lé e. Ó jókòó. Nígbà tí orin dópin, kò dìde. Mo yọjú wò ó, mo rí i tó di ojú rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ra apá àga, síwá sẹ́yìn, bí ó ti máa ń ṣe bí iṣẹ́ kan bá ti parí tí kò sì rí àbùkù kan nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn èèyàn. Ọmọ wa wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti kékeré wá. Ọkọ mi wọ aṣọ tó mọ́. Ó mú mi lọ́wọ́, ó mú mi jókòó sórí àga náà níwájú gbogbo wọn, òun sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sọ ìtàn ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ìtàn pẹpẹ, ó sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe jẹ́ kó gbọ́ àléébù tó ti ń ba orin ìyàwó rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àti bí òun kò ṣe fi í sílẹ̀ títí òun fi mú un. Ayàwòrán ń ṣe "kú iṣẹ́, kú iṣẹ́." Orin bẹ̀rẹ̀.

Mo fetí sí i bí ìyá tó ń wo ẹnu ọ̀nà iléèwé. Gìtá wọlé, ìlù wọlé, olórí wa pe orin. Gooro dáhùn, ẹnì kejì dáhùn. Mo ń dúró de ara mi. Lápá ọ̀tún níbi tí mo wà, mo gbọ́ gìtá, mo gbọ́ ìlù, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lókèèrè bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Mo ń wá ìmí yẹn tí mo mí kí n tó la ẹnu. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti fá a. Orin náà ń dán, ó ń yọ̀, kò sí ohun tó dì í mú.

Ọmọ wa ní, "Bàbá, ó mà dùn o."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ara ẹ báyìí? Kò sí nǹkankan tó ń ha ẹ mọ́."

N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. N kò gbèrò rẹ̀. Olórí wa tún pe orin, àyè mi sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, òfìfo, bí ìjókòó ẹni tó dìde lọ. Mo wọ inú rẹ̀. Mo kọ ìsàlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo iyanrìn rẹ̀, n kò gbàgbé ìlà kan. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Orin náà wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ayàwòrán sọ kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ wa yíjú sí mi, ó wo sìpíkà apá ọ̀tún, ó tún wò mí, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó pè mí jẹ́jẹ́, ó ní, "Màmá."

Ọkọ mi ti di ojú rẹ̀. Ó dẹtí sí apá sìpíkà òsì, ẹ̀rín wà létè rẹ̀. Ó na ọwọ́ wá láìlajú, ó wá ọwọ́ mi rí, ó rọra fún un pọ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ó ní, "Ìyàwó mi, dákẹ́ ná. Jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ."

Mo dákẹ́. Orin náà jọ̀lọ̀ títí dé òpin.